Ìṣirò Òru ní Òkè-Ọmirù

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, Ọmọ́yẹni, ló gbé fóònù lé mi lọ́wọ́,
ó ní, "Àǹtí, ilé-iṣẹ́ mi ń kú lọ."
Ilé-iṣẹ́ wo? Ìwọ tí o kò tíì ṣe ìdánwò ìwé mẹ́wàá?
Ó fìka hàn mí: ilé kékeré kan, òrùlé pupa,
èéfín ń rú níbẹ̀ bí ẹni ń se ẹ̀wà.
Wọ́n ń kan àga tà.

Gẹdú ló já wálẹ̀ lọ́jà inú eré náà,
ọmọ rí ọ̀pọ̀, ojú rẹ̀ wọ̀ ọ́,
ó ra ẹgbàá ìtì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.
Ẹgbàá!
Kò rántí ìṣó.
Kò rántí góòmù.
Ilé ìkẹ́rùsí ń gbowó ojúmọ́,
òṣìṣẹ́ méjìlá fọwọ́ lẹ́rán,
owó ọ̀yà wọn sì ń jò lọ bí omi inú apẹ̀rẹ̀.

Mo rẹ́rìn-ín. Ọdún kọkànlá rèé
tí mo ti ń kọ ìwé owó ní sọ́mìlì Alàgbà Fáṣànmádé.
Mo mọ bí igi tó dúró lójú kan ṣe ń jẹ olówó rẹ̀:
òjò á mu níbẹ̀, ikán á jẹ níbẹ̀,
èlé báǹkì á wá lá àwo.

Òṣómàáló ni bàbá mi.
Ó kiri aṣọ dé Ìjerò, dé Ọ̀tún,
ó ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí adìẹ á fi wọlé.
Ó ní, "Kí o tó béèrè èló ni wọ́n ń rà á,
béèrè èló ló ti ná ọ kó tó dé ibi tó wà."
Kò kàwé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló fi ń ṣírò:
bàtà tó jẹ sọ́nà, ó ń kà á mọ́ owó aṣọ.

Iná lọ. Ọmọ sùn. Èmi nìkan pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ fóònù.
Mo ta ẹgbẹ̀rún ìtì ní àdánù,
ó dùn mí bí ẹni pé owó mi ni.
Mo ra ìṣó. Mo ra góòmù ọjọ́ mẹ́ta, n ò fi kún un.
Síbẹ̀ àga kan ń ná wa ní mọ́kànlélógún,
ọjà ń san ogún.
Ẹyọ kan péré! Ẹyọ kan ló há mi lọ́fun
títí aago méjì òru.

Ìgbà náà ni mo rí i pé mẹ́sàn-án tó ṣe iṣẹ́ méjìlá.
Mo fi ìka kan tẹ̀ ẹ́.
Mẹ́ta gbé àpò lérí
(ẹni tó ya eré náà ya àpò fún wọn),
wọ́n gba ẹnu géètì jáde, wọn ò wẹ̀yìn.
Àga bọ́ sí mẹ́tàdínlógún.
Fóònù fun fèrè kékeré fún mi.

Ní òwúrọ̀, Ọmọ́yẹni fò sókè: "Àǹtí, a ti ń jèrè!
Báwo lẹ ṣe ṣe é?"
Mo ní kó lọ pọnmi.

Dísù ti tún gbówó lórí.
Alàgbà pè mí sábẹ́ igi máńgòrò:
"Akọ̀wé, ibo la lè gé nínú ìnáwó yìí?"
Ọládòkun ń pọ́n ayùn lọ́ọ̀ọ́kán,
ìyẹ̀fun igi bo irun rẹ̀ bí ewú àìtọ́jọ́.
Ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ìbejì.
Mo ṣí ìwé. Mo mọ ìdáhùn.

Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká dí ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń jo dísù.
Ẹ jẹ́ ká ta ìyẹ̀fun igi fún àwọn ọlọ́sìn adìẹ,
ká kó ègé igi fún oníbúrẹ́dì Ìsọ̀kùn."
Mo rò ó, mo yọ ọ́, mo tún un rò.
Ó ṣì ku ẹyọ kan.

Mo ki ìka mi bọ àpò.
Mo lóṣòó ti ìwé náà, ọmọ bàbá mi,
títí yóò fi san án.