Eérú Méjì

Ìyá mi àgbà, Morádéun ará Òdà,
ọṣẹ dúdú ló fi tọ́ ọmọ mẹ́fà.
Bí wọ́n bá la kòkó tán, tí olóko kó èso rẹ̀ lọ,
èèpo ló máa ń ṣẹ́ kù fún un.
Á sá a, á sun ún, á fi omi sẹ́ eérú rẹ̀,
á da omi eérú sórí àdín,
á máa rò ó títí ọwọ́ á fi kú.
Ìyókù eérú, ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló ń lọ.
N kò rí i kó da nǹkan nù rí,
àfi ọ̀rọ̀.

Èmi, fóònù ni mò ń tún ṣe ní Arákàlẹ̀:
tábìlì kan, agboòrùn kan, irin tí ń yọ́ òjé,
àti àpò ìrẹsì lábẹ́ ìjókòó mi
tó kún fún òkú tí kì í jẹrà.
Tó bá ti kún, Táyéṣe á wá gbé e
lọ sẹ́yìn afárá, sí etí odò Alà,
á dáná sun wáyà kí bàbà ó lè yọ.
Èéfín á ṣú, á máa ta ọ̀fun.
Ó ń wúkọ́, ó ń rẹ́rìn-ín:
"Bọ̀ọ̀dá, owó ni mò ń sun."

Lọ́jọ́ Sátidé kan ni Màmá wá,
fóònù onítọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ló kọṣẹ́.
Afẹ́fẹ́ gbé èéfín dé, ó fa imú.
"Ta ló ń sun èèpo níbí?"
Ó tọpa òórùn náà dé odò, èmi tẹ̀ lé e.
Kí n tó ṣẹ́jú, ó ti bẹ̀rẹ̀, ó ti fìka kan eérú,
ó ń gbé e lọ sẹ́nu
bí àwọn ọlọ́ṣẹ ti í tọ́ ọ wò bóyá ó mú.
Mo gbá a lọ́wọ́.
Èmi, ọmọ ọmọ, mo gbá àgbà lọ́wọ́.

Ó wò mí títí.
"Eérú wo ni a kì í tọ́ wò?
Kí lẹ wá ń fi í ṣe?"
Táyéṣe ní, "Kò sí o, Màmá. Odò á gbé e lọ."
Ó yíjú sódò. "Sọ́dọ̀ ta?"

Nírọ̀lẹ́, ó ní kí n fi àwòrán Bàbá han òun.
Mo ní ó ti kúrò nínú fóònù mi, òkè ló wà, nínú ìkùukùu.
Ó gbójú sókè. Òjò ń ṣú bọ̀ lápá Ìdànrè.
"Nínú èyí?"
Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ilé ni, ilé ńlá kan lẹ́yìn òkun,
àwọn ẹ̀rọ inú rẹ̀ kì í sùn, ara wọn ń gbóná,
omi ni wọ́n fi ń tù wọ́n lára.
"Omi ta?"

N kò mọ̀.
Mo ní ẹ̀gbọ́n kan ní Oǹdó, Akínnúoyè,
òdòdó tí ń yí bírí ló fi ń kí wa láàárọ̀,
ogójì ènìyàn, títí kan ọjọ́ Àìkú.
Mo ti rò ó pé òdòdó náà kò ná ẹnikẹ́ni ní nǹkan.
Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo rí omi tí ń lọ sídìí rẹ̀,
òdòdó tí kò ní so, tí kò ní rọ.

Láti ìgbà náà, tí mo bá ṣí fóònù kan,
ẹni tó fi gọ́ọ̀mù lẹ bátìrì mọ́ ọn níkùn ni mò ń bá jà.
Kò rò ó pé ọmọ òun yóò kú lọ́jọ́ kan.
Kòkó mọ̀ pé a óò la òun:
èèpo rẹ̀ ti mọ ọ̀nà ilé kó tó já.

Táyéṣe ti ń fi ọ̀bẹ bó wáyà báyìí.
Ó ń pẹ́. Lọ́jọ́ tí ebi bá pa á, mo ṣì ń rí èéfín.
Nínú bátìrì kọ̀ǹpútà mẹ́wàá, mo rí mẹ́fà tó ṣì wà láàyè;
mo so wọ́n pọ̀, wọ́n ń tan iná nínú ahéré ọlọ́ṣẹ ní Òdà.
Àwọn ojú gíláàsì ńkọ́? N kò tíì mọ ohun tí wọ́n lè dà.
Àpò ìrẹsì ṣì wà lábẹ́ ìjókòó mi.

Màmá fi ọṣẹ ránṣẹ́ lánàá, ó wé e sínú ewé gbódògì.
Mo fi fọ òjé kúrò lọ́wọ́.
Omi dúdú ń ṣàn wọ gọ́tà,
gọ́tà ń lọ bá Alà.
Mo dúró, mò ń wò ó.