Álífù Tí Wọ́n Ń Pè ní Àì

Mo lé ní ọgọ́ta ọdún kí n tó gbé síléètì lé itan.
Ọwọ́ tó ti ń mọ ìkòkò ní Òkèléle láti ìgbà èwe mi
ni mo fi di ṣọ́ọ̀kì mú. Ó kán.
Tísà Múkáílà fún mi ní òmíràn, kò rẹ́rìn-ín.
Ìkòkò tí wọ́n fi sin olóbi rẹ̀, èmi ni mo mọ ọ́n.

Yínúsà alágbàtà ló lé mi wọlé ìwé.
Àwọn tó ń ra ìkòkò òdòdó a wá láti Àbújá,
wọ́n á sọ̀rọ̀, á túmọ̀,
n ó sọ̀rọ̀, á túmọ̀,
bí owó sì ṣe ń ti ọ̀dọ̀ wọn bọ̀ lọ́dọ̀ mi ni ó ń rù.
Mo ní ó tó gẹ́ẹ́. Mo fẹ́ mọ
ta ni "hí", ta ni "déè",
nínú ọ̀rọ̀ amọ̀ tí mo fi ẹsẹ̀ ara mi gún.
Yínúsà kò tíì gbọ́.

Tísà kọ àkọ́kọ́ sójú pátákó:
ọ̀pá kan ṣoṣo, ó nàró.
Mo ní álífù ni. Èmi náà ṣe ilé kéú,
mo mọ álífù bó tilẹ̀ fi aṣọ bojú.
Ó ní rárá, Màmá, "àì" ni. Àì, èmi.
Àì kẹ̀?
Àì inú àìní, àì inú àìsàn, àì inú àìsùn?
Òyìnbó fẹ́ dárúkọ ara rẹ̀, ó ní òun ò sí!

"Ṣí", obìnrin ni.
Ìyẹn yé mi. Ta ló ń ṣílẹ̀kùn bí gbogbo ilé bá sùn?
"Ìt" kú sí mi lẹ́nu. Mo fi "ì" tì í lẹ́yìn kó lè rìn,
ó di ìtì, igi tí wọ́n gé lulẹ̀.
"Yù" kan náà ni fún àlùfáà
àti fún ewúrẹ́ tó ń jẹ èlùbọ́ mi.
Tísà wí i sí mi, ó wolẹ̀.
"Áwà" nìkan ló wọlé bí ẹni tó mọ̀nà:
tiwa ni, ó ní. Mo ní mo mọ̀,
mo mọ ọmọ yìí, aṣọ àjèjì ló wọ̀.

Tiwa ò ju "ó" lọ.
Ó rí roboto bí ẹnu ìkòkò,
òjò, ikọ́, òṣùpá, ọmọ, ó gba gbogbo wọn.
Ìyàwó Sàlíù lóyún oṣù méje.
A ní ó ń yí, a ní ó ti sùn, ó tán.
Ṣé kí n wá là á sí méjì kí n tó rí ojú rẹ̀?

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Tísà ní kí n sọ nípa ọkọ mi.
Mo ní, "Déè dáì."
Ó ní ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n, Màmá. "Hí" ni.

Ọdún mọ́kàndínlógójì.
N kò pe Bàbá Sàlíù ní "ó" rí,
kódà lọ́jọ́ tí wọ́n ta àgbò mi láìbi mí.
Wọ́n jẹun. Wọ́n hanrun. Wọ́n bínú, wọ́n rọ̀.
Wọ́n kú,
ó sì ṣe mí bíi pé èrò ni mo sin.

N kò dá Tísà lóhùn. Mo ká síléètì, mo lọ sílé.
Kò sí iná. Èéfín àná ṣì wà nínú ìborùn mi.
Mo jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, mo dán an wò, jẹ́jẹ́:
hí.
Èémí lásán ni,
irú èyí tí ènìyàn ń fẹ́ sí ọrùn ẹni tó sùn tì í.
Mo tún un wí.
Èrò yẹn túká lójú ọ̀nà. Ó ku ẹnì kan.
Ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì,
ó bọ́ fìlà.
Mo sún fún un.