Ó Dín Kan

Kí wọ́n tó kírun Àsùbá tán ní Ngúrú
Kaumi ti ti ọkọ̀ rẹ̀ kúrò lórí ẹrẹ̀.
"Jókòó sáàárín," ó ní, "má mi ara."
Awò ọ̀nàjíjìn kan ṣoṣo la ní, okùn rẹ̀ ti já;
okùn bàtà ni mo fi gbé e kọ́rùn.

Oṣù Ẹrẹ́nà nìyí. Ọyẹ́ ti kó ẹrù rẹ̀ nílẹ̀.
Àwọn ẹyẹ tó wá yá oòrùn wa lò
ń jẹun bí ẹni tó gbọ́ pé ọ̀nà jìn:
pẹ́pẹ́yẹ igbó na ìdí sókè, orí ń bẹ nísàlẹ̀ omi,
alápàáǹdẹ̀dẹ̀ ń gé afẹ́fẹ́ bí abẹ onígbàjámọ̀,
àwọn àkọ̀ dúró lórí ẹsẹ̀ pupa tín-ín-rín
bí arìnrìn-àjò tí ọkọ̀ rẹ̀ kò dá àkókò.

Kaumi ń kà ní èdè ìyá rẹ̀,
ó ń ju kóró ẹ̀wà sínú agolo.
Èmi ń kà ní tèmi:
mẹ́rìnlá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mẹ́rìndínlógún,
mo bá dákẹ́ díẹ̀.
Ogún kò tíì dé,
èdè wa ti ń sọ iye tó kù kó pé.

Bàbá mi ló kọ́ mi ní ònkà yìí,
lára àwọn ọkọ̀ ẹ̀pà tí rélùwéè ń fà lọ sí Kánò.
Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ju àsíá sí wọn.
"Àjò kì í dùn kónílé má relé," a wí, a rẹ́rìn-ín,
"àmọ́dún, ọmọ mi, Ìkìrun yá."
Ẹ̀yìn ibùdókọ̀, lẹ́bàá igi dọ́ńgóyárò, ló sùn sí.
Ojú irin pàápàá ti wọ iyanrìn.

Nígbà tí ọ̀sán gbóná, àwọn àkọ̀ gbéra.
Wọn ò ké. Apá nìkan la gbọ́,
bí ìgbà tí èèyàn ń gbọn aṣọ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.
Wọ́n pòyì, wọ́n gòkè, wọ́n dorí kọ aṣálẹ̀.

Igba ni ẹ̀wà inú agolo.
Ọ̀kàndínnígba ni mo kà lójú ọ̀run.

Èyí tó kù wà létí koríko,
apá òsì rẹ̀ ń wọ́lẹ̀, ó ń wòkè.
Kaumi ju ẹja wẹ́ẹ́rẹ́ kan sí i.
Ó pẹ́ kó tó gbé e mì.
"Ará Ngúrú ni eléyìí báyìí," ni Kaumi wí,
ó sì mú àjẹ̀.

Mo bi í pé kí ni wọ́n ń pè é lédè tiwọn.
Ó sọ ọ́.
Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo pè é kó tó bọ́ sí mi lẹ́nu.