Wáyà Tí Mo Fi Ń Sá Aṣọ

Eladio tú wáyà aṣọ mi lọ́jọ́ Sátidé,
kò bèèrè, kò tọrọ gáfárà.
Ó so orí kan mọ́ igi ọsàn ẹ̀yìnkùlé,
ó so orí kejì mọ́ òpó tí bàbá rẹ̀ ń so ẹṣin mọ́ nígbà ayé rẹ̀.
Ó ní mítà ogún géérégé ni,
bó bá fi ìka kan lé, afẹ́fẹ́ ò ní gbà á.
Aṣọ tútù wà lápá mi. Mo ń wò ó.
Ṣé afẹ́fẹ́ náà ti wá di ọ̀gá iléèwé
tó ń wọn ṣòkòtò ọmọ ọlọ́mọ lẹ́nu géètì?

Rédíò rẹ̀ kò ju agolo sàdíìnì lọ.
Inú agolo sàdíìnì gan-an ló kọ́ ọ sí;
gbé e sún mọ́ imú, ẹja ṣì ń rùn níbẹ̀.
Wáàtì méjì péré.
Gílóòbù inú fìríìjì wa fi ìlọ́po méje jù ú lọ.
Mo ní, "Eladio, ta ni yóò gbọ́ ẹ?
Ẹni tó fẹ́ kí ayé gbọ́ òun, ṣé ó máa ń sọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n?"
Ó fa máté rẹ̀ mu, ó rẹ́rìn-ín,
ó ní ẹni tó bá mọ ìgbà tí ojú ọ̀run ń là
kò ní kó lọgun.

Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn ògiri,
tí-tí-táà, tí-táà,
bíi kòkòrò tó ń jẹ igi àjà.
N kò kọ́ ọ. Ta ló fẹ́ kọ́ èdè kòkòrò?
Ṣùgbọ́n orúkọ tó fi ń pe ara rẹ̀ lójú ọ̀run,
etí mi ti há a sórí
bí ẹsẹ̀ ṣe ń há àtẹ̀gùn ilé sórí lókùnkùn.

Lọ́jọ́ Túsìdeè, àyà dùn ún. Wọ́n gbé e lọ.
Wọ́n ní kí n lọ sùn, kí n pa dà wá lọ́la.
Mo jókòó sórí ibùsùn pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀.
Nígbà tó kù díẹ̀ kílẹ̀ mọ́, iná lọ ní gbogbo Tacuarembó.
Gílóòbù tuntun Wilmar Píriz, aládùúgbò wa,
tí Eladio máa ń ṣépè fún,
tó ń kùn bí agbọ́n nínú rédíò, dákẹ́.
Bátìrì alùpùpù nìkan ló kù tó wà láàyè nílé.
Mo yí bọ́tìnnì. N kò mọ ìdí.

Ariwo bí òjò tó jìnnà.
Nísàlẹ̀ òjò náà, tínrín bí irun:
táà-tí-táà-tí. Táà-tí-tí-táà.
Ẹnìkan ń pè é.
Ó pè é, ó dákẹ́, ó tún pè é,
bí ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà
tó gbé àwo ọbẹ̀ lọ́wọ́.

Mo fi ìka lé irin náà.
N kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ "ó wà ní ọsibítù."
N kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ "ẹ má bínú."
Orúkọ rẹ̀ nìkan ni mo mọ̀. Mo tẹ̀ ẹ́, ségesège,
bí ọmọ tó wọ bàtà bàbá rẹ̀.

Ẹni náà dákẹ́. Lẹ́yìn náà ó fèsì,
ó rọra ń tẹ̀ ẹ́, ó ń dúró dè mí
bí a ṣe ń dúró de arúgbó lórí afárá.
Mo kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé owó iná:
àmì tó-tò-tó, ìlà, àmì, ìlà.

Eladio kà á, ọ̀pá afẹ́fẹ́ ní imú.
"Hatsue ni. Wakkanai.
Ilẹ̀ ń ṣú níbẹ̀ bó ṣe ń mọ́ níbí.
Ó ní òun gbọ́ mi.
Ó ní ọwọ́ mi yàtọ̀ lónìí,
ṣé òtútù ń mú mi ni?"

Ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n ní yóò wálé.
Mo ra okùn ọ̀rá fún aṣọ mi, mítà ogún.
Mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Ó fi ìka kan lé.
Mo jẹ́ kó lé.