Pe Iṣu Kí N Gbọ́

Nọ́ńbà Bàámi ni mo kọ sínú fọ́ọ̀mù báńkì
lọ́dún tí mo wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì n'Íbàdàn, tí n kò tíì ní fóònù.
Ọdún mọ́kànlá nìyẹn.
Mo ti ń gba owó oṣù ní Adó, mo ti lọ́kọ, mo ti bímọ,
síbẹ̀, bí mo bá fẹ́ ná owó ara mi lórí íńtánẹ́ẹ̀tì,
Ẹ̀fọ̀n ni báńkì ń lọ béèrè mi.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, ní ọ́fíìsì wa ní Ajílosùn,
mo tẹ nọ́ńbà mẹ́rìndínlógún iwájú káàdì,
mo tẹ mẹ́ta ẹ̀yìn rẹ̀, mo tẹ oṣù tí yóò kú.
Mo rò pé ó tán.
Ojú ìwé náà funfun báláú, ó ń yí bí òkòtó,
ó ní a ti fi nọ́ńbà àṣírí ránṣẹ́, ìṣẹ́jú márùn-ún lo ní.

Ta ló sọ fún wọn pé Ẹ̀fọ̀n tẹ́jú?
Òkè ló yí ilé wa po.
Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í sọ̀kalẹ̀ wá bá ènìyàn ní pálọ̀;
ẹni tó bá fẹ́ ẹ yóò gun àpáta ẹ̀yìnkùlé
níbi tí Màámi ń sá pákí sí.
Tíṣà Ọ̀ṣúntúyì, ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin,
orúnkún rẹ̀ ń ké bí ilẹ̀kùn àtijọ́.

Nọ́ńbà àkọ́kọ́ kú kí ó tó débẹ̀.
Èkejì bá a lórí àpáta.
"Ta nìyẹn?"
"Èmi ni, Bàámi. Ìbíronkẹ́."
"Wọ́n kọ ọ́ síbí pé n kò gbọdọ̀ sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.
Wọn ò kọ ọ́ pé àfi Ìbíronkẹ́."
"Ṣé ẹ ò mọ ohùn mi ni?"
"Ohùn! Ohùn ọmọ ni wọ́n fi pe Bàbá Sùúrù
tí wọ́n fi kó owó ìfẹ̀yìntì oṣù méje lọ.
Ojú lọ̀rọ̀ wà, fóònù ò sì lójú.
Kí lo tiẹ̀ fẹ́ rà?"

Mo dákẹ́.
Ẹ̀rọ ìgbọ́ràn ni, fún etí rẹ̀ òsì,
etí tó ti búra fún gbogbo wa pé kò ṣe nǹkan kan,
pé àwa là ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́.
"Nǹkan ilé ni."
"Nǹkan kí ni?"
"Ilé!"
"Háà. Oríkì wo ni ìyá mi fún ọ?"
"Àbẹ̀jé."
"Olè lè mọ ìyẹn. Ajá wa tó kó sí kòtò ńkọ́?"
"Tanímọ̀la."
"N kò gbọ́."
"TANÍMỌ̀LA!"
Akọ̀wé ẹ̀gbẹ́ mi gbórí sókè.
Nọ́ńbà kejì ti kú.

Ẹ̀kẹta dé. Bàámi mí kanlẹ̀.
"Pe iṣu kí n gbọ́."

Mo mọ ohun tó ń wá.
Ìbàdàn ni wọ́n ti fi ẹ̀rín gbà á lẹ́nu mi.
Mo dìde láàárín ọ́fíìsì, mo la ọ̀fun:
"UṢU!"
"Tún un pè."
"Uṣu, Bàámi! Ulé! Ugi!"
Ọ̀gá wa yọjú. Obìnrin kan tó wá san owó orí
ní, "Ẹ fi í sílẹ̀, ilé ló ń bá sọ̀rọ̀."

Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í kà á
bí ẹni ń pe orúkọ ọmọ kíláàsì láàárọ̀.
"Méje." Ó dúró.
Díẹ̀ ló kù kí n dáhùn pé mo wà ńbí, sà.
"Òdo. Méjì. Méjì. Mẹ́sàn-án."
Ó nu awò ojú rẹ̀. Mo gbọ́ ọ tó ń nù ún.
"Ọ̀kan."

Ojú ìwé yí, ó yí, ó di àwọ̀ ewé.

Aago mẹ́sàn-án alẹ́, fóònù dún.
Ó tún ti gun àpáta, tòun ti tọ́ọ̀ṣì.
"Ṣé ìwọ ni mo fún ní nọ́ńbà yẹn lọ́sàn-án?"
"Èmi ni, Bàámi."
"N kò gbọ́."
Mo ní kí wọ́n má ṣèyọnu, ó ku ọjọ́ mẹ́wàá, wọn yóò gbọ́.
Wọn ò gbọ́ ìyẹn náà.