Ó Gbó, Ó Ń Gbọ́

Mo gbé e sùn sórí tábìlì ilé ìdáná lálẹ́ ọjọ́ Àìkú,
mo tú nọ́ọ̀tì mẹ́rin, mo fa fáànù rẹ̀ sókè.
Ìpara agbooru tí mo fi sí i lọ́dún tí Ìfẹ́wùnmí wọ jẹ́lé-ó-sinmi
ti gan bí ẹ̀kọ tó sùn mọ́jú nínú ewé.

Mo fi òwú àti sípírítì nù ún díẹ̀díẹ̀
títí orúkọ rẹ̀ fi yọ jáde lára irin.
Ọpọlọ mẹ́rin nínú yàrá kan ṣoṣo.
Bílíọ̀nù méjì àti irínwó mílíọ̀nù ìgbà
ni wọ́n ní ó ń mí kí ènìyàn tó ṣẹ́jú kan.
Àpò ìrántí rẹ̀, mẹ́gábáìtì mẹ́jọ;
wáàtì márùndínlọ́gọ́rùn-ún ní í jẹ bí ebi bá pa á.
Kò sì tóbi ju bísíkíìtì tí a ń rì bọ tíì.

Iyanrìn ni.
Iyanrìn tí wọ́n yọ́, tí wọ́n gé, tí wọ́n kọ́ ní ìṣirò.
Ọ̀gbẹ́ni Clive Bloor tó tà á fún mi ní pọ́ùn márùndínlógójì
ló sọ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ ní Burslem.
Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n lòun fi ti àwo sínú iná,
ìlú amọ̀ ni Stoke, iná ni wọ́n fi bọ́ ọmọ níbẹ̀.
Ó ní, “Ohun tó bá ti la iná kọjá lẹ́ẹ̀kan,
jíjábọ́ ló ń pa á, kì í ṣe ọjọ́ orí.”
Mo rẹ́rìn-ín. Mo ṣe bí ó ń polówó ọjà ni.

Ọdún kẹtàlá rèé.
Òun ló bá mi kọ lẹ́tà mọ́kànlá sí àwọn oníwèé ìgbélùú,
òun ló ṣí èsì ìkejìlá tí ojú mi ò lè kà.
Orí rẹ̀ ni Ìfẹ́wùnmí ti kọ́ bí a ṣe ń pín ìdá,
orí rẹ̀ ni mo ti wo bí wọ́n ṣe sin ìyá mi ní Ìgbájọ:
àwòrán ń rìn, àwòrán ń dúró,
wọ́n gbé pósí dé ẹnu ibojì, gbogbo rẹ̀ dúró gbagidi.
Nígbà tí yóò tún rìn, erùpẹ̀ ti kún.
Mo bú u lọ́jọ́ náà.
Kò jẹ̀bi. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni.

Ní báyìí, ìwé ti yọ lójú gíláàsì:
“Ẹ̀rọ yín kò yẹ fún ètò tuntun.”
Kò yẹ. Wọn ò sọ pé kò lè ṣe é.
Mo mọ ọ̀rọ̀ yẹn. Mo ti gbọ́ ọ rí lẹ́yìn gíláàsì mìíràn,
lẹ́nu ọmọdé kan tó wọ táì.
Èmi náà, orúnkún mi ń ké lórí àkàbà ilé ìkẹ́rù,
wọ́n ń fi aago ka àpótí tí mo gbé ní wákàtí kọ̀ọ̀kan.
Wáàtì mélòó lèmi ń jẹ?

Ìfẹ́wùnmí ní, “Dádì, owó iná tó ń jẹ, ẹ lè fi ra tuntun.”
Mo ṣírò ó. Orí ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ ni mo ti ṣírò ó.
Òótọ́ lọmọ mi sọ;
ẹ̀rọ náà ò sì purọ́ láti gba ara rẹ̀ là.

Mo gbọn fáànù lẹ́yìnkùlé nínú òjò wínníwínní.
Irun wa wà nínú eruku rẹ̀,
irun ajá Bloor tó ti kú náà wà níbẹ̀.
Mo fi ìpara tuntun sí i, ìwọ̀n hóró ẹ̀wà kan.
Mo tẹ bọ́tìnì.
Kẹ́kẹ́ pa.
Mo yọ ike ìrántí kan, mo tún un kì bọ̀ ọ́, mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì.
Píì.
Ìgbóná tó wà ní mọ́kànléláàádọ́rin lánàá
ti wálẹ̀ sí méjìdínlógójì.

Ẹ ní ó ti gbó. Mo pè é, ó gbọ́.

Nọ́ọ̀tì kan ti yí wọ abẹ́ fíríìjì.
Mẹ́ta yóò tó o.