Ohùn Tó Ti Ara Kẹ̀kẹ́ Wá

Dùùrù oníná Bàbá mi kò ní okùn nínú, kò ní fèrè.
Irin tẹ́ẹ́rẹ́ ló kún inú rẹ̀ bí eegun ẹja,
mẹ́tàléláàádọ́rin ni, mo kà wọ́n.
Òòlù kékeré a lu irin, irin a gbọ̀n,
òòfà a gbọ́, a sọ fún iná,
iná a sáré gbé e lọ fún sípíkà.
Báyìí ni Bàbá ṣe là á yé mi
ní yàrá ẹ̀yìn wa ní Ìkijà,
nígbà tí mo ṣì ń gé èékánná jẹ.

Ẹ má pe ohùn rẹ̀ ní agogo.
Agogo ń pariwo kí gbogbo ìlú lè gbọ́.
Èyí dà bí ẹni tó fi ṣíbí kan ife omi
nínú yàrá tí ẹnì kan ti ń sùn.
Tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, á yọ̀ bí òróró.
Fi ìbínú tẹ̀ ẹ́, á gbó mọ́ ọ.

Ọdún tí Bàbá lọ, ohùn kan bá a lọ:
mí ti àárín.
Mí kò mí mọ́.
Òòlù rẹ̀ ń lu afẹ́fẹ́, kó, kó.
Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ń fo ibẹ̀
bí ẹni ń fo àtẹ̀gùn tó ti jẹrà.

Àwa mẹ́rin la gbé e lọ bá Ṣógbèsan
tó ń tún rédíò ṣe ní Lafẹ́ńwá.
Ó ṣí i. Ó bá ọmọńlé gbígbẹ kan,
bọ́tìnnì, kọ́bọ̀ méjì,
àti ìwé pélébé tí Bàbá fọwọ́ ara rẹ̀ kọ:
“Mo jẹ Ìyá Fẹ́hìntọ́lá ní náírà mẹ́rin.”
Ṣógbèsan ní, “Irú irin yìí kò sí ní gbogbo Ẹ̀gbá.”
Ojú rẹ̀ wá lọ sára kẹ̀kẹ́ ògbólógbòó
tó fara ti ògiri.

Ó gé sípóòkù kan. Ó rẹ́ ẹ, ó gbọ́ ọ,
ó tún rẹ́ ẹ,
ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i bí ẹni ń fẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná,
títí iná fi lọ.
A jókòó sínú òkùnkùn. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀.
Iná dé. Mo tẹ̀ ẹ́.
Ó mí.

Kì í ṣe ohùn àtijọ́. Ó há díẹ̀ lọ́fun,
ó ń sọ Ẹ̀gbá láàárín àwọn àjèjì.
Ṣógbèsan ní òun ṣì lè rẹ́ ẹ sí i.
Mo ní kó fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Lálẹ́, mo tẹ̀ ẹ́ lóun nìkan, n kò gbé ìka kúrò.
Mo gbọ́ kẹ̀kẹ́ kan tó ń sọ̀kalẹ̀ lọ sí Sápọ́n,
ẹni tó gùn ún
kò fọwọ́ kan bíréèkì.